Ṣé O Mọ̀? Ewé Kan Ṣoṣo, Òfin Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ṣé o mọ̀ pé kajú lè di ẹrù òfin kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á? Ẹni tó bá ń gbé Bantè tàbí Savalou mọ ohun tí mo ń wí. Bí kajú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lórí igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará Gouka, Pira, Akpassi, Doumè àti Tchetti á máa ṣà á sínú àpò, wọ́n á sì tẹ́tí sí rédíò: ọjọ́ wo ni ìjọba máa ṣí ọjà, èló sì ni wọn kò gbọdọ̀ ra kílò kan kéré sí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tí wọn kò tíì pa jáde kúrò nílẹ̀ náà mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú ilé, irú èyí tí wọ́n kọ́ sí Glo-Djigbé, ló gbọ́dọ̀ pa á. Àpò kajú tó jẹ́ ọjà tó mọ́ ní Bantè lọ́sàn-án, bí ọlọ́kadà bá gbé e gba ọ̀nà inú igbó kọjá sí Tógò lóru, ó ti di ẹrù fàyàwọ́ nìyẹn.

Mo fi kajú ṣíwájú nítorí pé àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ ọ̀nà náà dunjú: ìwé àṣẹ, owó orí, iye tí ìjọba là kalẹ̀, ojú ọ̀nà tí ẹrù gbọ́dọ̀ gbà. Ohun kan náà ni gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí lónìí nípa igbó, ewé tí wọ́n ń fà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cannabis. Ibì kan sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Ibì kan ń tà á ní fámásì. Ibì kan gbà kí o ní i lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò gbà kí o rà á. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún torí pé àwọn ọmọ wa ń rìn jìnnà, láti Bantè dé Ìbàdàn, dé Maryland, dé Toronto. Òfin ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ kì í bá wọn lọ, òfin ibi tí wọ́n dé kì í sì í dúró kí wọ́n kọ́ ọ kó tó mú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ kankan tí ènìyàn lè gbà láti ṣí ṣọ́ọ̀bù igbó? Òfin nọ́ńbà 97-025 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1997 ló dè é. Gbígbìn ín, gbígbé e, títà á, rírà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní OCERTID ló ń lépa àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró, láti ọdún 2018 sì ni ilé ẹjọ́ CRIET ti wà ní Àjàṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ ti Bantè lọ fojú kan ọmọ rẹ̀ nínú àgọ́ ẹlẹ́jọ́, kó gba Savalou, kó gba Ìdáàṣà, kó wá sọ̀kalẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Ọjọ́ kan odindi ti lọ, owó ọkọ̀ sì ti wọlé sínú owó oúnjẹ.

Ibi tí kò ti sí ìwé àṣẹ, kò lè sí owó orí, kò lè sí ẹni tó ń yẹ ohun tí wọ́n pò mọ́ ewé náà wò, kò sì lè sí ẹni tó ń béèrè ọjọ́ orí. Fi sìgá wò ó. Òfin 2017-27, ti ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2017, sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe tábà, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ di í, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sára páálí rẹ̀ àti ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ tà á fún. Olókòòwò sìgá ní orúkọ àti àdírẹ́sì. Ẹni tó ń ta igbó fún ọmọ ilé ìwé lẹ́yìn ọgbà kò ní orúkọ, kò sì sí òfin ìtajà tó lè rí i bá wí. Ọlọ́pàá nìkan ló lè rí i, bí ó bá rí i.

Ṣé o mọ̀ pé sodabi náà ti jẹ́ ẹrù òfin rí? Ọtí tí wọ́n ń bu fún àlejò ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà ọdún iṣu, tí àwọn ọmọ ìlú á ti ibi gbogbo wálé! Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní agbègbè Allada, ìdílé Sodabi, tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọtí líle nílẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n padà délé, wọ́n fi ẹmu dán an wò, ó sì jẹ́ iṣẹ́. Ìjọba amúnisìn ò jẹ́ kó pẹ́ tó fi dè é. Owó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: owó bodè lórí ọtí tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Yúróòpù jẹ́ ara ohun tó ń gbọ́ bùkátà ìjọba Dahomey, ọtí abẹ́lé tí kì í gba ẹnu bodè sì ń pa owó náà. Ohun kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ògógóró ní Nàìjíríà. Lónìí, wọ́n ń rọ sodabi sínú ìgò tó dára, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń tà á fún àwọn àlejò òkèèrè. Ọtí náà kò yí padà. Ìwé ara ìgò ló dé.

Bí o bá gba ìhà ìlà oòrùn kọjá sí Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o mọ̀ pé ikú ni òfin Nàìjíríà kọ fún àgbẹ̀ tó bá gbin igbó nígbà kan? Ọdún 1966 ni ìjọba ológun gbé òfin náà jáde: ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, fún ẹni tó bá gbìn ín; ẹni tó bá fà á, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ní 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò, wọ́n sì dín ìyà ẹni tó ń fà á kù gidigidi. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni Fẹlá gbé àwo orin rẹ̀ jáde lórí bí ọlọ́pàá ṣe tì í mọ́lé tí wọ́n ń dúró de ìgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fi dá a lẹ́jọ́ igbó. Ní 1989 ni òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ dé, àjọ náà ló sì ń wọ inú igbó Oǹdó, Èkìtì àti Ọ̀ṣun títí di òní láti ṣá oko igbó lulẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun ún.

Síbẹ̀, ìwádìí ńlá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá Nàìjíríà ṣe, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 10.6 ló fa igbó ní ọdún kan ṣoṣo. Ọjà tí oníbàárà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò san kọ́bọ̀ sí àpò ìjọba. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni Gómìnà Rotimi Akérédolú ti Oǹdó àti olórí NDLEA ìgbà náà lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn. Nígbà tí gómìnà padà dé, ariwo sọ. Àwọn kan ní ó fẹ́ ba àwọn ọmọ jẹ́, àwọn kan ní ó ríran. Òfin kò yí padà. Ṣùgbọ́n mo kà á sí ohun pàtàkì pé gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá kan dìde sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tó ń hù nínú igbó òun lè jẹ́ ọrọ̀ bí wọ́n bá fi òfin yí i ká.

Jẹ́ ká ré òkun kọjá díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé owó orí ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi dè igbó? Ní 1937, ìjọba àpapọ̀ kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀, kó san owó orí, kó sì gba sítáǹpù. Ẹni tó bá sì forúkọ sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó ti fòfin dè é. Ó di 1969 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó wí pé òfin náà ń fi ipá mú ènìyàn jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀, ó sì dà á nù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe òmíràn, tó dè é pátápátá.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Amẹ́ríkà wá ní òfin méjì lórí ewé kan, ìjọba àpapọ̀ ń sọ tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ tiwọn. Colorado ló kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù fún gbogbo àgbàlagbà, ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2014. Ìpínlẹ̀ Washington tẹ̀ lé e ní oṣù keje ọdún yẹn, nígbà tó sì di 2015, wọ́n gbé owó orí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà náà lórí. Ní Washington, ẹni tó ń gbìn ín kò gbọdọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á. Ní Florida, níbi tí wọ́n ti ń tà á fún aláìsàn nìkan, òdìkejì rẹ̀ ni òfin wí: ilé iṣẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ gbìn ín, òun náà ló gbọ́dọ̀ ṣe é, òun náà ló gbọ́dọ̀ tà á. Illinois tún gba ọ̀nà mìíràn. Bí ewé náà ṣe lágbára tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó orí: èyí tí THC inú rẹ̀, èròjà tó ń mú orí yí ènìyàn, kò bá ju ìdá 35 lọ, ìdá 10 ni owó orí rẹ̀, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 25.

Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Maryland, nítorí náà jẹ́ kí n dúró níbẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, owó orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 9 kí wọ́n tó gbé e lọ sí 12 ní 2025. Ṣùgbọ́n sọdá títì kan péré kúrò ní Prince George's County, o ti dé Washington, D.C., ibi tó jẹ́ pé láti 2015 ni òfin ti gbà kí àgbàlagbà ní ín lọ́wọ́, kó sì fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, ṣùgbọ́n tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n náwó sórí òfin tó máa gbà kí wọ́n tà á ní gbangba. Kí ni àwọn oníṣòwò ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wù tàbí àwòrán ní owó gọbọi, wọ́n wá ń fi igbó kún un bí ẹni fi èènì sí ọjà. Ẹni tó bá sì gbé èyí tó rà ní Maryland wọ ọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ti rú òfin ìjọba àpapọ̀, kódà bí ìpínlẹ̀ méjèèjì bá ń tà á.

Ṣé o tún mọ̀ pé Amẹ́ríkà gba owó orí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù igbó ju bí ó ṣe ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò yòókù lọ? Ní 1982 ni wọ́n fi abala 280E sínú òfin owó orí, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gbà fún ẹnì kan tó ń ta oògùn olóró pé kó yọ owó tó fi ṣòwò kúrò kó tó san orí. Láti ìgbà náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ wọn ti ń san orí lórí owó tí wọ́n ti fi san ilé, tí wọ́n ti fi san òṣìṣẹ́, tí wọ́n ti fi san iná. Ọ̀pọ̀ báńkì ò sì gbà wọ́n. Owó tútù inú àpò ni àwọn mìíràn fi ń lọ san owó orí ìjọba.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ní Amẹ́ríkà kà fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, USCIS, kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tó bá fa igbó, tàbí tó bá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á, lè pàdánù àǹfààní láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé gíríìnkáàdì á rí i tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọlé ra ọjà, ìwé àṣẹ ń tàn lára ògiri, ọlọ́pàá ń kọjá láìbá ẹnikẹ́ni wí. Ó wọlé, ó rà, kò sí ẹni tó mú un. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, níwájú ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè fún ìwé ọmọ onílẹ̀, ó sọ òtítọ́, òtítọ́ náà sì tì í lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ìkìlọ̀ yìí sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Kánádà rọrùn láti yé ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ṣí i: ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Bí o bá mú páálí kan lọ́wọ́ ní Toronto, wò ó dáadáa. Kò sí àwòrán tó ń fani mọ́ra lórí rẹ̀, àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Àmì pupa kan wà lára rẹ̀ tó ní igun mẹ́jọ, lẹ́tà THC sì wà nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ nípa ìlera wà nínú àpótí tó pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ. Ọmọdé kò lè ṣí ìdérí rẹ̀. Ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ ya kí o tó ṣí i, sítáǹpù owó orí ló wà níbẹ̀, ìgbèríko kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ sítáǹpù tirẹ̀, tí ọlọ́pàá fi lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ san owó orí Ontario tàbí ti Québec. Owó orí náà: dọ́là kan lórí gíráàmù kan, tàbí ìdá 10 iye tí ilé iṣẹ́ tà á, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbèríko.

Ọwọ́ ìjọba Québec fúnra rẹ̀ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 tó lè wọlé. Ní Alberta, ọdún 18 ti tó. Ontario ní tirẹ̀ ta ìwé àṣẹ fún àwọn aládàáni, ṣùgbọ́n ìwé tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kò ju 25 lọ, àwọn tó bèèrè sì lé ní 16,000. Kèké ni wọ́n ṣẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò tíì ní ògiri lè jáde ní olówó, ẹni tó ti yá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lè padà sílé lófo.

Ṣé o mọ̀ pé ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra igbó ní Uruguay? Orílẹ̀-èdè kékeré yìí ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún gbogbo ìlú lágbàáyé, ní oṣù kejìlá ọdún 2013. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, o kò sì lè da méjì pọ̀: kí o gbin igi tí kò ju mẹ́fà lọ sílé rẹ; kí o wọ ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dín ní 15 tí kò sì ju 45 lọ; tàbí kí o lọ sí fámásì. Ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2017 ni fámásì 16 bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. O dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, o fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà á sọ bóyá o forúkọ sílẹ̀ àti bóyá o kò tíì ra ju 40 gíráàmù lọ láàárín oṣù. Apòògùn kò ní béèrè orúkọ rẹ. Iye rẹ̀ nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi dọ́là kan àti ọgbọ̀n sẹ́ǹtì fún gíráàmù kan; ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pọ́ọ́kú kí àwọn tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ má baà rí oníbàárà. Àlejò kò lè rà á rárá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn báńkì Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn kò ní bá báńkì kankan tó bá ń tọ́jú owó fámásì wọ̀nyí ṣe mọ́, àwọn fámásì kan sì yọwọ́. Òfin ìlú ẹni lè gbà, kí òfin ìlú olówó má gbà.

Nẹ́dálándì tún fún wa ní ìyanu tirẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ lè ta gíráàmù márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ọjà wá fún wọn ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀daràn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba fi òfin lélẹ̀ fún ìlú 10, tí Breda àti Tilburg wà nínú wọn, pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbìn ín pẹ̀lú ìwé àṣẹ nìkan ni àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn ti lè rà á. Jámánì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan ní 2024. Ẹgbẹ́ tí kò ju 500 ènìyàn lọ ni wọ́n gbà láàyè, wọn kò sì ta fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìwé àṣẹ wà, ṣùgbọ́n tálákà ló ń wò ó láti ìta. Lesotho bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Zimbabwe tẹ̀ lé e ní 2018, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé ìwé àṣẹ láti gbìn ín fún oògùn yóò jẹ́ 50,000 dọ́là. Ṣírò rẹ̀ sí owó sẹ́fà: ó ju mílíọ̀nù 25 lọ. Oko kajú mélòó ni àgbẹ̀ Akpassi á tà kó tó rí i? Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀ gba ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ òfin ìlú ní àgbàlagbà lè gbìn ín kó sì fà á nínú ilé ara rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Ramaphosa fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Títà á ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Gánà ló sún mọ́ wa jù, ìtàn rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ gbọ́. Ní 2020 ni wọ́n ṣe òfin tó gbà kí wọ́n gbin èyí tí THC inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 lọ, fún oògùn àti fún iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da abala náà nù, adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, nítorí pé àwọn aṣòfin kò jíròrò rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ohun tó tó báyìí yọ́ wọlé sínú òfin láìsí àlàyé fún ará ìlú! Ní 2023, wọ́n padà sí ilé aṣòfin, wọ́n jíròrò, wọ́n fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbà pé ilé ẹjọ́ ṣe ohun tó tọ́. Òfin tó máa yí oko ènìyàn padà gbọ́dọ̀ gba ẹnu àwọn ènìyàn kọjá.

Mòrókò ló sì ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù. Láti ayébáyé ni àwọn àgbẹ̀ orí òkè Rif ti ń gbin igbó, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rù ọlọ́pàá sùn. Òfin 13-21 ti ọdún 2021 gbà wọ́n láyè ní ẹkùn mẹ́ta, Al Hoceima, Chefchaouen àti Taounate, fún oògùn, ohun ìpara àti iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, ANRAC, tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Àgbẹ̀ kò lè dá tà. Ó gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ náà ló ń tà fún ilé iṣẹ́ tó ní ìwé. Nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ọba Mohammed Kẹfà dáríjì àwọn ènìyàn 4,831 tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ tàbí tí wọ́n ń wá nítorí gbígbin igbó. Ẹni tó ti ń sá kiri lè padà sí oko rẹ̀ kó sì bèèrè fún ìwé àṣẹ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2020, àjọ oògùn olóró ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí bóyá kí wọ́n yọ igbó kúrò nínú ìlà àwọn oògùn tó burú jù, àwọn tí wọ́n gbà pé kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìwòsàn. Ìbò 27 ní bẹ́ẹ̀ ni, 25 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mòrókò àti Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tó gbà, Nàìjíríà kọ̀.

Ṣé o wá mọ̀ pé àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí orílẹ̀-èdè ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é bí ó bá gbà kí wọ́n gbìn ín fún oògùn? Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Òun ló ń yan ilẹ̀, òun ló ń fún àgbẹ̀ ní ìwé, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Gbogbo ohun tí àgbẹ̀ bá kórè ló gbọ́dọ̀ kó fún ilé iṣẹ́ yẹn, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ rà á kó gbé e sí ìkáwọ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́rin tó pé lẹ́yìn ìkórè. Kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àgbẹ̀ òwú ní Bantè tàbí Savalou: ìjọba ti sọ iye rẹ̀ kí òwú tó là, ibi tí wọ́n ń kó o lọ kò sì pọ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé tí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa: èló ni ìwé àṣẹ, ṣé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Akpassi á lè san án, kí sì ni wọ́n máa ṣe fún àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀ nítorí ewé náà.